Ta Ló Ni Fáìlì, Ta Ló Lè Pa Á Rẹ́? Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ẹgbẹ́ Ọlọ́sìn Ẹja ní Ẹ̀pẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń kó ẹja lọ sí ọjà Olúwo kì í fi gbogbo àkọsílẹ̀ sínú ìwé mọ́. Ìwé ẹ̀yáwó, iye owó oúnjẹ ẹja àti orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ti wà lórí kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì, tí akọ̀wé, akápò àti alága jọ ń lò. Sáfà ni kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ la kọ èyí fún, tó bá jẹ́ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ló wà lórí rẹ̀.

Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní olóhun, ó sì ní ọ̀wọ́ àwọn tó jọ ń lò ó. Gbogbo ẹlòmíì ni "àwọn yòókù". Àṣẹ kíkà, r, jẹ́ 4. Kíkọ, w, jẹ́ 2. X tó ń jẹ́ ká ṣí ètò tàbí ká wọ inú fódà jẹ́ 1. Ẹ rò wọ́n pọ̀. Fáìlì 640: olóhun lè kà á, ó lè kọ ọ́, ọ̀wọ́ lè kà á nìkan, àwọn yòókù ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Tẹ́ ẹ bá tẹ ls -l, ó máa fi í hàn.

Ibi tó ti ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn rèé. Akápò á sọ ìwé ẹ̀yáwó di 600, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Tó bá yá, wọ́n á wá fáìlì náà tì. Ìdí ni pé àṣẹ orí fáìlì kọ́ ló ń pinnu ẹni tó lè pa á rẹ́, àṣẹ orí fódà ni. Ẹni tó bá ní w àti x lórí fódà lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, bí kò tilẹ̀ lè kà á. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá lè gbé àpótí tí wọ́n tì pa síta láì ṣí i. Torí náà, ẹ ya fódà akápò sọ́tọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi chmod +t (chmod ló ń yí àṣẹ padà) sórí fódà àjùmọ̀lò: olóhun fáìlì, olóhun fódà àti root, ìyẹn alábòójútó àgbà sáfà, nìkan ló máa lè pa fáìlì rẹ́ níbẹ̀.

Fún fódà tí gbogbo ìgbìmọ̀ jọ ń lò, ẹ tẹ ìwọ̀nyí (sudo ń fún yín lágbára root; owoajo ni orúkọ ọ̀wọ́, akowe ni orúkọ akọ̀wé lórí sáfà):

sudo groupadd owoajo
sudo usermod -aG owoajo akowe
sudo chgrp -R owoajo /srv/owoajo
sudo chmod 2770 /srv/owoajo

Ẹ má gbàgbé -a yẹn o. Láìsí i, akọ̀wé á kúrò nínú àwọn ọ̀wọ́ rẹ̀ tó kù. Kó jáde, kó tún wọlé, kó tó ṣiṣẹ́. 2 tó ṣáájú 770 ló ń mú kí fáìlì tuntun jẹ́ ti owoajo, kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ nìkan. Tó bá jẹ́ Samba lẹ fi so Windows mọ́ sáfà, ẹ kọ force create mode = 0660 sínú smb.conf, fáìlì ètò Samba, kí ọ̀wọ́ lè ka fáìlì tuntun, kí wọ́n sì lè kọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi chmod -R 777 wá ìrọ̀rùn. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ sáfà á lè yí gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ padà. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 sì ti gbé ààbò nọ́ńbà fóònù àti àkáǹtì àwọn èèyàn lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́.

Tí ìpàdé ọdọọdún bá yan akápò tuntun, ẹ má kọ́kọ́ pa orúkọ tí ti àtijọ́ fi ń wọ sáfà rẹ́. Fáìlì rẹ̀ á di ti nọ́ńbà lásán, ìyẹn nọ́ńbà tí sáfà fi mọ̀ ọ́n. Tí orúkọ tuntun kan bá wá gba nọ́ńbà yẹn, òun ni yóò jogún wọn. Ẹ kọ́kọ́ gbé wọn fún ẹni tuntun:

sudo chown -R --from=akapo1 akapo2 /srv/owoajo

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ fi sudo gpasswd -d akapo1 owoajo yọ ti àtijọ́ kúrò.