Bí mo ṣe to àpótí tírà ilé Lẹ́mọ́mù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè másítà nínú èdè Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, tó ń wá ohun tó máa ṣèwádìí lé lórí, kó kọ́kọ́ wo àdúgbò rẹ̀ kó tó máa sáré lọ sí Ìlọrin. Ilé ìdílé Lẹ́mọ́mù àtijọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ṣe tèmi. Àpótí pákó kan wà níbẹ̀ tó kún fún tírà, ìyẹn ìwé Lárúbáwá tí wọ́n fọwọ́ kọ. Iṣẹ́ mi ni láti tò wọ́n: kí ni tírà yìí, ta ló dà á kọ, ọdún wo ni.

Àtigba àyè ló nira jù. Àfáà tó wà nínú ilé gbà lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ọwọ́ Àlájà, àbúrò bàbá wọn, ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn kan ti wá wò ó rí. Wọ́n mú méjì lọ, a ò rí i mọ́." Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ní, "Màmá, ewé ìwé kan ò ní jáde nínú yàrá yìí. Fóònù ni màá fi yà á, ẹ ó sì jókòó tì mí." Wọ́n jókòó tì mí lóòótọ́, tàwọn ti tẹ̀sùbáà wọn.

Ẹ má fi itọ́ sí ìka ṣí ìwé bẹ́ẹ̀ o. Tàdáwà, ìyẹn yíǹkì tí wọ́n ń fi omi fọ̀ kúrò lára wàláà, pákó ìkọ̀wé ní ilé kéwú, irú rẹ̀ náà ló wà lórí bébà yẹn, òógùn ọwọ́ sì lè ba ojú ìwé jẹ́. Ọwọ́ gbígbẹ, aṣọ funfun lórí tábìlì, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Mo pa iná fóònù.

Wọn ò di àwọn tírà náà pọ̀, ewé wọn wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àpò awọ, òmíràn sì ti dàrú. Àwọn adàwékọ ti rò ó tẹ́lẹ̀: wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó kàn sí ìsàlẹ̀ eléyìí. Ìyẹn ni mo ń tọ̀ lẹ́yìn. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn, ti apá Mọ̀rókò ni: lẹ́tà fáà ní àmì kan nísàlẹ̀, lẹ́tà káàfù ní ẹyọ kan lókè. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ Kùránì tí wọ́n tẹ̀ ní Íjíbítì á máa pe káàfù ní fáà.

Ọdún ló wá gba làákàyè. Níparí tírà kan, lẹ́tà mẹ́ta péré ni adàwékọ fi ṣe ọdún: ṣíìnì, síìnì, kéfù. Lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ló ní iye tó dúró fún. Bí wọ́n ṣe ń ka iye lẹ́tà ní apá Íjíbítì, ṣíìnì jẹ́ 300, síìnì 60, kéfù 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 380, ìyẹn 380 Híjírà, òǹkà ọdún àwọn Mùsùlùmí, tó bọ́ sí nǹkan bí ọdún 990 ti òyìnbó. 990 kẹ̀? Lórí bébà òyìnbó tí òṣùpá mẹ́ta, àmì àwọn tó ṣe bébà náà, hàn lára rẹ̀ nígbà tí mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀? Ìṣirò ti Mọ̀rókò, tí àwọn àfáà wa náà ń lò, ló tú u: ṣíìnì 1000, síìnì 300, kéfù 20 kò yí padà. 1320 Híjírà, ìyẹn 1902 wọ 1903. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ti 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, nìyẹn, nígbà tí Ìsìláàmù ń gbilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, tí àwọn èèyàn ńlá bíi Balógun Kúkù ń gbà á.

Mo lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti dá ibùdó àkójọ ìwé Lárúbáwá sílẹ̀ ní 1964, láti wo bí wọ́n ṣe ń to tiwọn. Èyí kò pẹ́.

Ibi tí ẹnu èmi àti ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi kò ti kò ni etí ìwé. Orúkọ tírà ni wọ́n ń fẹ́. Èmi sì wò ó pé Rísálà, ìwé òfin Ìsìláàmù ní ìlànà Máálíkì, tí Ibn Abi Zayd ará Káírúwáánì kọ kí ó tó kú ní 386 Híjírà, kò sí ọjà tí wọn ò ti tà á. Ohun tí kò sí níbòmíràn ni ohun tí àwọn ará ilé yẹn há sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ẹni tó yá tírà, àti Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sáàárín ìlà. Lárúbáwá ò ní lẹ́tà fún gb àti p, kò sí àmì ohùn, nítorí náà mo ní láti máa pè é sókè kí n tó mọ ohun tó ń wí. Nígbà míì Àlájà ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí Ìjẹ̀bú ponbele ni.

Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí tírà ti ń sọ̀rọ̀ sàká, ẹnì kan béèrè bóyá sàká wà lórí obì. Tàdáwà míì ni wọ́n fi dáhùn: kò sí lórí èso tó wà lórí igi, àmọ́ tó bá ti di ọjà, tí owó rẹ̀ pé gbèdéke, tó sì lo ọdún kan gbáko, ó di dandan. Ìlànà Máálíkì gan-an nìyẹn, ẹnu oníṣòwò Ìjẹ̀bú ló sì ti jáde.

Àfikún ẹ̀yìn ìwé ni ọ̀gá mi ní kí n fi gbogbo ìyẹn sí. Lọ́jọ́ tí mo gbèjà iṣẹ́ náà, olùyẹ̀wò tó ti ìta wá fojú fo àkójọ orúkọ tírà, ó dúró lórí obì, ó bi mí ní ìbéèrè títí. Ó ní kí n gbé e wá sí orí kẹrin. Mo gbé e wá, wọ́n sì fọwọ́ sí i.