Multicast SMRF nínú Cooja: ibi tí páketì ń sọnù sí

Cooja ni ètò tí a fi ń ṣe àfarawé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Contiki-NG, ètò iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ kékeré alárédíò (node). SMRF sì ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó fi ń ṣe multicast, ìyẹn fífi páketì kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ node. Node 25 ni mo tò sínú Cooja, márùn-ún lóròó, márùn-ún níbùú, mítà 30 sí ara wọn. Mo fi UDGM, àwòṣe rédíò Cooja, sílẹ̀ bó ṣe wà: rédíò ń dé mítà 50, ìdíwọ́ rẹ̀ ń dé 100. Node tó dojú kọ òmíràn ní igun sí igun, ní nǹkan bíi mítà 42, ń gbọ́. Èyí tó wà ní mítà 60 kò gbọ́. Láti root (node tí páketì ti ń jáde) ní igun kan dé igun òdìkejì, hop (ìfò láti node sí node) 4 ni. Ìlà tó jìnnà jù ni mo fi sink (node tó ń gba páketì) 5 sí, node 19 yòókù kàn ń tàtaré.

Inú examples/multicast ti Contiki-NG ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ Makefile wò: RPL ni ìlànà tí àwọn node fi ń yan ọ̀nà; RPL Classic ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, RPL Lite kò mọ multicast. Nínú project-conf.h, mo yan UIP_MCAST6_ENGINE_SMRF, mo sì gbé NETSTACK_MAX_ROUTE_ENTRIES dé 40, torí root ló ń tọ́jú ọ̀nà gbogbo node. Mo fún un ní ìṣẹ́jú 3 kí DAO, ìfiránṣẹ́ RPL tí node fi ń sọ ọ̀nà ara rẹ̀ fún òkè, lè dé òkè kí páketì àkọ́kọ́ tó jáde. Lẹ́yìn náà, páketì 100, ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Òfin SMRF kò ju méjì lọ. Node kì í gba páketì àyàfi lọ́wọ́ òbí (node òkè rẹ̀) tó yàn nínú RPL, kì í sì í tàtaré rẹ̀ bí kò bá sí ọmọ ẹgbẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ nìkan ni páketì ń lọ, ẹ má ṣe fi páketì ránṣẹ́ láti sink.

Páketì ń sọnù, mo sì kọ́kọ́ fura sí route. Route kọ́. Broadcast ni multicast lórí 802.15.4, ìlànà rédíò àwọn node yìí, bí akéde ni, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn pé òun gbọ́, nítorí náà kò sí àtúnfiránṣẹ́. Àwọn ọmọ òbí kan náà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì pariwo lé ara wọn lórí. Ìdádúró ló yẹ kó yà wọ́n, SMRF_CONF_MIN_FWD_DELAY, tó jẹ́ tick (ìṣísẹ̀ aago ẹ̀rọ) 4. Lórí ẹ̀rọ tó ń ka tick 128 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn jẹ́ bíi 31 ms. Ṣùgbọ́n node Cooja ń ka 1000: tick 4 di 4 ms péré, iye àkókò tí fírémù (páketì bó ṣe ń jáde lórí rédíò) báìtì 127 ń lò lójú afẹ́fẹ́ ní 250 kbit/s! Ìdádúró lórúkọ lásán nìyẹn.

Mo sọ ọ́ di 32. Seed (nọ́ńbà tó ń pinnu àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀ nínú àfarawé) mẹ́wàá tí mo fi sáré tàtijọ́ náà ni mo fi sáré tuntun, kí àfiwé má baà dojú rú. Òfò náà dínkù gan-an.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ sórí ẹ̀rọ oní-tick 128, ẹ dá a padà sí 4. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tick 32 yóò di ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá ní hop kọ̀ọ̀kan, àyè páketì kan ṣoṣo ni SMRF sì ní. Bí ìfiránṣẹ́ bá yá, tuntun á tẹ èyí tó ṣáájú rẹ́.