Bí mo ṣe fi ríbọ́ọ̀nù wọn àwọn Késárì tí kò pẹ́ lórí ìtẹ́

Ọjọ́ 87 péré ni Pertinax lò lórí ìtẹ́ Róòmù lọ́dún 193. Mo ti ka iye yìí láìmọye ìgbà, kò wọ̀ mí lára. Aránṣọ ni mí. Ohun tí mi ò bá tíì fi téèpù wọ̀n, ojú lásán ni mo fi ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó róòlù ríbọ́ọ̀nù mẹ́ta kalẹ̀ lálẹ́ Sátidé kan, mo ní n ó gé ríbọ́ọ̀nù fún àwọn Késárì tí kò lo ọdún kan, kí n sì gé ti àwọn díẹ̀ tó pẹ́ mọ́ ọn, kí n lè fi wọ́n wéra. Ọjọ́ kan, mìlímítà kan. Funfun fún ẹni tí àìsàn pa, dúdú fún ẹni tó pa ara rẹ̀, pupa fún ẹni tí wọ́n fi idà pa.

Kíka ọjọ́ ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Pertinax gorí ìtẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, wọ́n pa á ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Mo yọ ọjọ́ kan kúrò nínú èkejì, 86 ni mo rí. Cassius Dio, ọmọ ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, kọ 87 sílẹ̀. Mo tún un kà, 86 náà ni. Ìgbà tí mo ronú kan ọjà ló tó yé mi. Ọjà ọrọọrún tí à ń ná, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń bọ́ sí. A pè é ní ọrún nítorí pé a ka ọjọ́ ọjà tó kọjá mọ́ èyí tó ń bọ̀. Ìsán náà, ọjọ́ mẹ́jọ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn ará Róòmù ń kà á! Ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń ná ọjà tiwọn, inú “mẹ́sàn-án” sì ni orúkọ tí wọ́n fún un, nundinae, ti wá. Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Mo ka ọjọ́ tó gorí ìtẹ́ mọ́ ọjọ́ tó kú, 87 jáde. Mo ṣe bákan náà fún Didius Julianus, ẹni tó gorí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹta dé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, 66 jáde, bí Dio ṣe kọ ọ́.

Mo wá fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Augustus ni mo fi bẹ̀rẹ̀: funfun, mítà 14.8. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó wọ ilé ìdáná, ó tún ṣẹ́rí padà. Lẹ́yìn rẹ̀ mo bọ́ sí ọdún 69, lẹ́yìn ikú Nero, Késárì tí Pọ́ọ̀lù gbé ẹjọ́ rẹ̀ kò. Galba, pupa, sẹ̀ńtímítà 22.1. Otho, dúdú, 9.1. Vitellius, pupa, oṣù mẹ́jọ, 24.5. Vespasian ló gbẹ̀yìn wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún mẹ́wàá, mítà 3.6, funfun.

Ohun kan wà nínú ọdún yẹn tí kò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ti fi orúkọ Galba ṣèlérí owó fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba. Galba ní yíyàn lòun ń yan ọmọ ogun, òun kì í rà wọ́n, kò sì san ohunkóhun. Nígbà tí Otho dìde sí i, àwọn ọmọ ogun tó kọ́kọ́ kókìkí Otho ní Késárì kò ju 23 lọ. Ènìyàn 23! Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, orí Galba ti wà lórí ọ̀kọ̀.

Nílẹ̀ wa, bí ọba bá wàjà, a mọ ìdílé tó kàn, a sì mọ àwọn afọbajẹ. Ìjà lè bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí ìjà náà máa gbà. Róòmù ò ní in. Augustus kò jẹ́ kí wọ́n pe òun lọ́ba, torí pé wọ́n kórìíra orúkọ yẹn níbẹ̀. Ipò tí wọn ò pè ní oyè ọba, kò sẹ́ni tó lè ṣòfin ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ọmọ lè jogún rẹ̀, ọmọ àgbàtọ́ lè jogún rẹ̀, ìgbìmọ̀ àgbà lè fọwọ́ sí i, àmọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ni gbogbo rẹ̀ ń já sí.

Orí Pertinax ni mo ti pẹ́ jù. Bàbá rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ọmọ níwèé kó tó wọṣẹ́ ológun, ó sì gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹni ọdún 66 ni nígbà tí wọ́n fún Késárì Commodus lọ́rùn pa lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 192, tí wọ́n wá fa ipò náà lé e lọ́wọ́. Ó ṣèlérí 12,000 sesterce, owó Róòmù, fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí àpò ìjọba, mílíọ̀nù kan péré ló bá níbẹ̀. Mo fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo ṣe ìṣirò: owó yẹn kò lè tó ju ẹ̀ṣọ́ 83 lọ. Ó lu àwọn ẹrù Commodus ní gbàǹjo, ère, ẹṣin, ohun ìjà, àga, kó lè rí nǹkan fún wọn. Ó tún ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ìwà ìpáǹle tí Commodus gbà wọ́n láyè láti máa hù. Ìyẹn ló dun àwọn ẹ̀ṣọ́ jù.

Bí igba nínú wọn yọ idà wọ ààfin. Àyè wà fún un láti sápamọ́. Kò sápamọ́, ó jáde sí wọn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ojú tì wọ́n, wọ́n ti ń ki idà bọ àkọ̀ kí ọ̀kan tó fò síwájú, tó gún un. Eclectus, ìránṣẹ́ ààfin, nìkan ló dúró tì í. Ó ṣá ẹni méjì lọ́gbẹ́ kí wọ́n tó pa òun náà. Ríbọ́ọ̀nù Pertinax, sẹ̀ńtímítà 8.7. Ó dùn mí nígbà tí mo gé e.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àwọn ẹ̀ṣọ́ lu ìtẹ́ ní gbàǹjo. Sulpicianus, bàbá ìyàwó Pertinax, wà nínú bárékè. Julianus dúró sí ẹnu géètì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń sáré láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n ń sọ iye tí ẹnì kan pè fún ẹnì kejì. Sulpicianus dé 20,000 fún ẹ̀ṣọ́ kan. Julianus kò fi díẹ̀díẹ̀ lé e mọ́; ó fi 5,000 lé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń pariwo, ó ń fi ìka ọwọ́ ṣàpèjúwe iye náà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Sẹ̀ńtímítà 6.6. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa á, ó ń béèrè pé ibi wo lòun ṣe, ta lòun pa?

Septimius Severus, ọmọ Áfíríkà, ará Leptis Magna ní ilẹ̀ Líbíà, ló ń kó ogun bọ̀ nígbà yẹn. Ó pe àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ta ìtẹ́ jáde láìmú ohun ìjà dání, ó fi ọmọ ogun tirẹ̀ yí wọn ká, ó lé gbogbo wọn kúrò ní Róòmù. Ó ṣì bá àwọn méjì mìíràn tó ń du ìtẹ́ jà títí di 197. Àìsàn ló pa á ní York, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 211. Mítà 6.5, funfun, ni ó yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n róòlù mi tí yáàdì rẹ̀ jẹ́ 25 kò tó mọ́. Mo ní láti dúró kí ọjà ṣí ní Mọ́ńdè.

Ti ọdún 238 kò gba àkókò. Gordian àti ọmọ rẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sẹ̀ńtímítà méjì méjì: dúdú fún bàbá, pupa fún ọmọ tó kú sójú ogun. Pupienus àti Balbinus jọ lo ọjọ́ 99, àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ló pa wọ́n: pupa méjì.

Mo to gbogbo pupa náà ṣíwájú ara wọn. Ọkùnrin méje, wọn ò pé mítà kan.

Ní Mọ́ńdè, ọmọ iṣẹ́ mi bá wọn lórí tábìlì. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀gá mi, aṣọ ta lẹ fẹ́ fi àwọn kékeré yìí ṣe?” Mo ní ènìyàn ni wọ́n. Mo sọ ìtàn wọn fún un bí mo ṣe ń fi píìnì kàn wọ́n mọ́ ògiri. Ó gbé Julianus lé ìka àárín ọwọ́ ara rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù náà kò bo ìka yẹn tán. Mo ní ìka yẹn ló fi ná an. Ó yára sọ ọ́ kalẹ̀.

“Mà, èyí tó ń kọ́ ọmọ níwèé yẹn dà?”

Mo nawọ́ sí i. Ó gba píìnì lọ́wọ́ mi, ó kàn án mọ́ ògiri fúnra rẹ̀.