Bí ẹ ṣe lè fi Kọ́múníìsì sínú kábínẹ́ẹ̀tì Roosevelt kí ìtàn náà sì dúró

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn "ká ló rí báyìí ńkọ́" bíi tèmi, èyí tó ti ń jà lọ́kàn mi tipẹ́ rèé: ká ní Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, mú Kọ́múníìsì paraku kan, tó fi í ṣe mínísítà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ tó ń kọ irú ẹ̀ máa ń sáré lọ síbi tí Amẹ́ríkà ti di Rọ́ṣíà kejì, wọn ò ní sọ bí ọkùnrin yẹn ṣe ríbi wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an nìtàn wà.

Ẹ kọ́kọ́ mú déètì. Ẹ má lọ mú 1940 o, torí látìgbà tí Hitler àti Stalin ti jọ tọwọ́ bọ̀wé ní August 1939 ni pátì Kọ́múníìsì Amẹ́ríkà ti ń pariwo pé kí Amẹ́ríkà má dá sógun yẹn, ìgbà tí Jámánì ya wọ Soviet Union ní June 22, 1941 ni wọ́n tó yíhùn padà. Earl Browder tó jẹ́ olórí wọn sì wà lẹ́wọ̀n ní Atlanta lásìkò yẹn, ọdún mẹ́rin ni wọ́n jù ú sí torí ọ̀rọ̀ páásípọ́ọ̀tù, Roosevelt ló gé e kúrú tó fi jáde ní May 1942. Òun ni kẹ́ ẹ mú. Ṣebí Roosevelt yìí náà ló mú Stimson àti Knox, Rìpọ́blíkà, ẹgbẹ́ alátakò ẹ̀, làwọn méjèèjì, tó fi wọ́n ṣe mínísítà ogun àti mínísítà ọmọ ogun ojú omi ní 1940.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí padà. Òfin Hatch ti 1939 ò jẹ́ kẹ́ni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ tó fẹ́ dojú ìjọba dé ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Browder tú pátì yẹn ká lóòótọ́, àmọ́ May 1944 ni. Ẹ fà á wá sí June 1943, oṣù kan lẹ́yìn tí Stalin tú Comintern, ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì gbogbo àgbáyé, ká, kí òfin yẹn má bàa dí i lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ló kù, wọn ò ní fọwọ́ sí i láéláé, pàápàá àwọn Dẹmókírátì ìhà gúúsù, ṣùgbọ́n òfin gbà kí ààrẹ yan èèyàn fúngbà díẹ̀ tí wọ́n bá wà ní ìsinmi, ìsinmi July sì ti ń bọ̀. Ìparí 1944 nirú ìyànsípò bẹ́ẹ̀ máa dópin, torí náà ẹ jẹ́ kí Roosevelt tún un yàn nígbà ìsinmi December ọdún yẹn.

Ipò wo ká wá fún un? Ti òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ kí Frances Perkins tó wà níbẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ẹ wò ó, nínú òfin 1886 tó to àwọn tó lè rọ́pò ààrẹ, mínísítà òṣìṣẹ́ ò sí níbẹ̀, ẹ fi èyí sẹ́nu Roosevelt kó fi pẹ̀tù sáwọn tínú ń bí.

Ibi tó dùn jù ni November 1943. John L. Lewis, olórí ẹgbẹ́ àwọn awakùsà èédú, ti kó wọn daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lé ní ìlàjì mílíọ̀nù, àwọn Kọ́múníìsì sì ti búra pé kò sí ìyanṣẹ́lódì títí ogun fi máa parí. Mínísítà Kọ́múníìsì ló wá máa bẹ òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n padà síṣẹ́! Ẹ má fi ìwé ìròyìn sọ èyí, ẹ gbé e lọ sí ẹnu ihò kan ní Pennsylvania, kí ọ̀kan nínú wọn dúró tàtùpà tàtùpà lórí fìlà, eruku èédú ti wọ ìlà ọwọ́ ẹ̀ débi tí ọṣẹ ò lè mú un kúrò, kó ní, "Ọ̀gá, àkókò tá a fi ń rìn láti ẹnu ihò débi èédú, ta ló máa sanwó ẹ̀?" Ohun tí wọ́n ń jà fún gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí Browder dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ọmọ Kansas tó ti ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó rí, á mọ̀ pé owó wọn ni.

Tẹ́ ẹ bá dé April 1945, Roosevelt kú, oṣù yẹn náà ni Jacques Duclos, ọ̀kan lára àwọn olórí Kọ́múníìsì Faransé, kọ̀wé láti Faransé tó bẹnu àtẹ́ lu Browder. Ẹ jẹ́ kí ìwé yẹn àti ìwé Truman, ààrẹ tuntun, tó ní kí Browder fipò sílẹ̀ jọ wà lórí tábìlì ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní June, kẹ́ ẹ sì parí ẹ̀ síbẹ̀.