Kí ló ń mú kí òkúta iyebíye kan wọ́n ju èkejì lọ? Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà òkúta tó wà ní Òjòó n'Ìbàdàn, ẹ lè rí tourmaline, òkúta iyebíye kan tó máa ń ní oríṣiríṣi àwọ̀, méjì tí wọ́n tóbi bákan náà, kẹ́ni tó ń tà á máa pe ọ̀kan ní owó jẹun, kó wá pe èkejì ní owó ọ̀kadà tuntun. Orúkọ tí òkúta ń jẹ́ kọ́ ló ń pa owó o. Àwọ̀ ẹ̀ ni, àti iye tó máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán. Tourmaline tiwa-n-tiwa yìí náà la máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Wọ́n máa ń fi gíláàsì tan èèyàn, gíláàsì sì sábà máa ń ní róbótó afẹ́fẹ́ kéékèèké nínú, tẹ́ ẹ bá fi dígí oníṣòwò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wò ó, ẹ máa rí i. Tí owó ńlá bá ti wọ̀ ọ́, ẹ gbé e lọ sí làábù, ẹ má fi ojú lásán ra á.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e bọ́ síta, sínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ. Mi ò gba ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì nìkan ta òkúta gbọ́, torí òkúta tó dúdú kirikiri gan-an á máa tàn tí tọ́ọ̀ṣì bá ti wà lábẹ́ ẹ̀. Èyí tó pupa fòò ló lówó lórí, èyí tó pupa rúsúrúsú tàbí tó ní àwọ̀ eérú nínú, owó ẹ̀ máa wálẹ̀, èyí tó ṣì fẹ́lẹ́ jù náà, bẹ́ẹ̀ ni. Tourmaline tún ní ìwà kan: tẹ́ ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé tó rẹwà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wò ó láti orí, ó lè dúdú bí èédú, torí náà ẹ wo méjèèjì kẹ́ ẹ tó dá iye kankan. Èyí tó jẹ́ búlúù kíkan nítorí kọ́pà tó wà nínú ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Paraíba torí pé Brazil ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, tí ojúlówó ti Brazil bá dáa gan-an, kárátì kan ṣoṣo (kárátì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn òkúta iyebíye) lè kọjá 10,000 dọ́là.

Ẹ wá wo inú ẹ̀, bóyá ó mọ́ gaara àbí ó ti sán. Tourmaline aláwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ mọ́, àmọ́ wọ́n máa ń gbójú fo ìlà díẹ̀ nínú pupa, emerald, òkúta iyebíye míì tó jẹ́ aláwọ̀ ewé, sì rèé, èyí tí ò ní nǹkan kan nínú rárá ló ń jẹ́ kí oníṣòwò fura.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe ni ìwọ̀n. Gíráàmù kan jẹ́ kárátì 5. Ká ní ẹ ní òkúta gíráàmù 10 tí wọn ò tíì gé, ìyẹn kárátì 50, ẹ wá lọ rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ń ta irú ẹ̀ ní 100 dọ́là lórí kárátì kan, ẹ lọ sọ ọ́ di 5,000 dọ́là, rárá o! Ti èyí tí wọ́n ti gé nìyẹn. Tí ẹni tó ń gé e bá rí ìdá márùn-ún kan yọ nínú ẹ̀, kárátì 10 péré ló kù, owó ẹni tó gé e àti èrè oníbàárà ṣì wà níbẹ̀. Òkúta ńlá kan tó mọ́ tún máa ń wọ́n ju kéékèèké púpọ̀ tí wọ́n jọ wúwo bákan náà lọ, torí kárátì kọ̀ọ̀kan ń gbówó lórí bó ṣe ń tóbi sí i.

Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti gé, ẹ gbé e lé ìwé tó ní lẹ́tà: tẹ́ ẹ bá lè ka lẹ́tà láàárín ẹ̀, wọn ò gé e dáadáa, ìmọ́lẹ̀ kàn ń gba inú ẹ̀ kọjá ni.

Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ti ṣe sí i. Sapphire, òkúta iyebíye tó sábà máa ń jẹ́ búlúù, tí iná ò kàn rí wọ́n ju èyí tí wọ́n ti fi iná sè lọ, wọ́n ń fi òróró sí emerald, wọ́n sì ń fi gíláàsì dí ihò inú ruby, òkúta iyebíye pupa, irú ruby bẹ́ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ níye lórí. Ibi tó ti wá náà ń lówó lórí, pàápàá sapphire Kashmir àti ruby Mogok ní Burma (Myanmar), àmọ́ ẹ má gbà á láìsí satífíkéètì.

Ọjà náà ní tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí tourmaline pupa púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 1998, ó pọ̀ lọ́jà débi pé owó ẹ̀ já.

Kí oníbàárà tó dé, ẹ ti ṣa ọjà yín fúnra yín: èyí tó mọ́ lọ́tọ̀, èyí tó sán lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì dá iye lé ìdì kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá dà á pọ̀, tó sì sọ pé òun fẹ́ ṣà nínú ẹ̀ ní iye kan náà, á kó gbogbo èyí tó dáa lọ, á fi yangí sílẹ̀ fún yín.