Jíìnì lè má tíì tàn: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwádìí sẹ́ẹ̀lì T ènìyàn

Transcription factor ni a ń pe àwọn purotéènì tí ń di DNA mú, tí wọ́n sì ń pinnu jíìnì tí yóò tàn àti èyí tí yóò kú. Àṣìṣe tó ń bí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ni kí ènìyàn rí irú purotéènì bẹ́ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì T (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbógun ti àrùn), kó sì gbà pé jíìnì ti tàn nìyẹn.

Ẹ wo NF-κB, ọ̀kan lára àwọn transcription factor náà. Ó ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń sinmi pàápàá, purotéènì IκBα ló dè é mọ́ ìta núkílíọ́ọ̀sì (àárín sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA wà). Bí TNF, purotéènì tí ń ta sẹ́ẹ̀lì jí, bá kan sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù IKK á fi fọ́sífééètì sàmì sí IκBα, sẹ́ẹ̀lì á run ún, NF-κB á sì wọlé láàárín bí ìṣẹ́jú 15 sí 30. Nítorí náà, ẹ má ṣe lọ odindi sẹ́ẹ̀lì kí ẹ wá wọn p65 (apá kan lára NF-κB): iye ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ ya núkílíọ́ọ̀sì sọ́tọ̀, kí ẹ fi Lamin B (ti inú núkílíọ́ọ̀sì) àti tubulin (ti ìta rẹ̀) yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìdá kan kò dà mọ́ èkejì. Ẹ má sì wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Jíìnì IκBα wà lára àwọn tí NF-κB ń tàn, IκBα tuntun á sì tún lé e jáde. Ẹ mú sẹ́ẹ̀lì ní ìṣẹ́jú 0, 15, 30, 60 àti 120. Ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀kan lè dá oògùn tó dára tí ń dí NF-κB lọ́nà lẹ́bi.

Ti FOXP3, transcription factor tí a fi ń dá Treg (sẹ́ẹ̀lì T tí ń kó ìdáàbòbò ara níjàánu) mọ̀ nínú èkúté, ló máa ń dùn wá jù, nítorí èkúté kì í ṣe ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì T lásán ti ènìyàn máa ń gbé FOXP3 jáde fún ìgbà díẹ̀ bí a bá ta á jí. Ẹ má pe sẹ́ẹ̀lì ní Treg nítorí èyí nìkan. Ẹ wá CD25 tó pọ̀ àti CD127 tó kéré (purotéènì ojú sẹ́ẹ̀lì ni méjèèjì), kí ẹ sì yẹ TSDR wò, apá jíìnì FOXP3 tí àmì methyl (àmì kẹ́míkà tí ń pa jíìnì) máa ń kúrò lára rẹ̀ nínú Treg tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Orí krómósóòmù X ni jíìnì yìí wà. X kan ti kú nínú sẹ́ẹ̀lì obìnrin, methyl ṣì wà lórí rẹ̀, nítorí náà Treg obìnrin tó mọ́ gaara á fi hàn pé methyl ti kúrò lára bí ìdajì TSDR péré. Ọ̀pọ̀ ló ti da sẹ́ẹ̀lì rere nù nítorí èyí. Omi saponin tí ń lu awọ sẹ́ẹ̀lì, tí a fi ń wo cytokine (purotéènì tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn), kò tó fún FOXP3: èyí tí ń ṣí núkílíọ́ọ̀sì ni kí ẹ lò.

Nínú ChIP, ọ̀nà tí a fi ń mọ ibi tí purotéènì ti di DNA mú, formaldehyde 1% fún ìṣẹ́jú 10 tó láti so wọ́n pọ̀, kí ẹ fi glycine 125 mM dá a dúró fún ìṣẹ́jú 5. Bó bá pẹ́ jù, DNA kò ní gé sí 200 sí 500 bp (ìwọ̀n gígùn DNA), ojú ibi tí antibody (purotéènì tí a fi ń mú factor náà) ń dì mú á sì bò. Ẹ má gbàgbé input (DNA tí a kò tíì fi antibody mú) àti IgG (antibody tí kò mú ohun kan pàtó), láti fi wé èsì.

Ká tiẹ̀ ní factor náà ti di DNA mú, ó lè má tan nǹkan kan. Kẹ́míkà ionomycin nìkan á mú NFAT, transcription factor mìíràn, wọ núkílíọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n láìsí AP-1, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí kẹ́míkà PMA tàbí CD28 (purotéènì ojú sẹ́ẹ̀lì T) ń mú wá, jíìnì IL2 kò ní tàn dáadáa, sẹ́ẹ̀lì náà á sì dákẹ́. Jíìnì tó sún mọ́ ibi tó dì mú jù lọ sì lè má jẹ́ èyí tó ń darí. Ẹ wọn mRNA (ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara jíìnì tó tàn) pẹ̀lú, lẹ́yìn náà kí ẹ fi CRISPR (irinṣẹ́ tí ń gé jíìnì) mú factor náà kúrò, kí ẹ wò bóyá jíìnì ọ̀hún á wálẹ̀.