Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìtàn àròsọ àjòjì ọ̀dọ́ ní Abẹ́òkúta àtijọ́

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé òǹkọ̀wé á mú ọmọ kan tó ti Sàró (Sierra Leone) dé, á wá sọ ọ́ di àjòjì kan ṣoṣo nínú ìlú tí gbogbo ará ibẹ̀ ti mọ ara wọn láti ìran dé ìran. Irọ́ ni. Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ. Nígbà tí àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n ń ti ibẹ̀ padà wálé, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní nǹkan bí 1839, ìlú kò tíì pé ọdún 10. Ìyá àgbà tó ń bi ọmọ náà pé "Ọmọ ta ni ọ́?", ogun ti fọ́ ilé tirẹ̀ náà rí. Ẹni tí ogun lé ń bi ẹni tí wọ́n tà sókè òkun léèrè ilé: ibẹ̀ gan-an ni ẹran ìtàn wà, ẹ má fò ó.

Ẹ má fi Aláké sí ààfin ní 1845 o. Ọdún 1854 ni Òkúkẹ́nù jẹ Aláké, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Ẹ má sì pe ọmọ Òwu ní Ẹ̀gbá lásán. Ìlú tiwọn ni ogun kọ́kọ́ fọ́, wọ́n sì dé lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kádàrá ni wọ́n ń bàjẹ́ jù. Babaláwo á wo ọmọ lójú, á ní "Wàá di balógun." Ifá kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Babaláwo á dá Ifá, á ki ẹsẹ, ìtàn ẹni tó ti kọ́kọ́ dá a. Ọmọ náà ló máa gbọ́ ibi tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, lẹ́yìn náà ló kan ẹbọ. Orí sì jẹ́ àkúnlẹ̀yàn. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ ní Freetown ní Sàró pé Ọlọ́run ló ń pín, tó wá gbọ́ pé òun fúnra òun ló yan orí yìí nílé Àjàlá tó ń mọ orí, kí ló fẹ́ ṣe? Ṣé òun ló yan ọkọ̀ ẹrú ni? Ẹ jẹ́ kó bi àwọn àgbà bẹ́ẹ̀, kí ìdáhùn wọn má bá ara mu.

Ẹ má sì rò pé bó bá ti rí ìyá rẹ̀, ó parí. Wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó sì di Hannah. Ọmọ ń wá ilé bọ̀, ìyá sì ń gba orúkọ tuntun látọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹ kọ ìtàn kọjá ọjọ́ tí wọ́n dì mọ́ra.